Jẹ́lé-ó-sinmi fún àgbà? Ìfiwéra ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú òbí wa ní Iléṣà

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo sọ fún bàbá mi pé ibìkan wà tí wọ́n ti ń bójú tó àgbàlagbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi lo fẹ́ fi mí sí?" Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò fọwọ́ kan iyán tí mo gbé síwájú wọn. Nígbà tí mo padà wá kó abọ́, ó ti mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Jẹ́ kí ilé ó sinmi: ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́ síta. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà níbí ní Iléṣà. Bàbá mi ti lé ní 80. Òṣómàáló ni wọ́n nígbà tí agbára ṣì wà, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi bí owó bá pé. Rọpárọsẹ̀ wá kọ lù wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Ẹni tó ti lóṣòó jẹun nílùú mẹ́ta kò lè lóṣòó mọ́. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára wọn, oògùn àárọ̀ wà, oògùn alẹ́ wà.

Gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí, mo ti gbìyànjú púpọ̀ nínú wọn, mo sì ti fojú rí àwọn yòókù lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ mi.

Ẹ kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ ná

Àṣìṣe mi ni pé ilé ni mò ń yẹ̀ wò: èwo ló mọ́, èwo ló ní fáànù, èwo ni nọ́ọ̀sì rẹ̀ wọ aṣọ funfun. Wákàtí ló yẹ kí n yẹ̀ wò. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ kọ ohun tí òbí yín ń ṣe láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí wọ́n á fi sùn, kí ẹ wá fàlà sábẹ́ wákàtí tí ẹ̀rù máa ń bà yín. Ti bàbá mi wà láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 4. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ wà nílé ìwé, bàbá mi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé tí òjò ti jẹ. Tí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n ń sùn fọnfọn, kò sí wàhálà kankan.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìyá tirẹ̀ yàtọ̀. Àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe màmá yẹn. Lọ́sàn-án, wọ́n á kí ènìyàn dáadáa, wọ́n á tún béèrè ọmọ. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé ọkọ àwọn, inú ilé ọkọ wọn náà ni wọ́n sì wà. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa: lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn yìí, ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn máa ń dàrú jù. Ilé-ìtọ́jú tó ń tilẹ̀kùn ní aago 4 kò lè gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. Á san owó, á sì bá ìṣòro rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má sì fi "ogbó ni" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2001, ìwádìí kan jáde tó fi àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní Ìdìkàn, Ìbàdàn, wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni ọkàn wọn ń dàrú bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.24. Ìyẹn ni pé kò wọ́pọ̀ láàárín wa tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà, àìsàn sì ni. Kì í ṣe gbogbo arúgbó ló ń ní in, kì í sì í ṣe ayé ló ń ṣe màmá ẹnì kankan. Kí dókítà rí wọn kí ẹ tó yan ohunkóhun. Wesley Guild wà nítòsí wa níbí, ó sì wà lára ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹni tó bá lágbára láti dé Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ní ibùdó kan tó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan, tí wọ́n sọ lórúkọ Tony Anenih. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i.

Bí ẹ bá ti kọ wákàtí yín sílẹ̀, ẹ wá gbé e síbi àtẹ yìí:

| Wákàtí | Iwájú ṣọ́ọ̀bù yín | Olùtọ́jú tó ń wá sílé | Ilé-ìtọ́jú ọ̀sán | Ilé arúgbó |
|---|---|---|---|---|
| 6 sí 9 àárọ̀ (ìwẹ̀, oògùn) | Ọwọ́ yín ló wà | Bó bá tètè dé | Ọwọ́ yín ló wà | Ọwọ́ wọn |
| 9 sí 4 | Ojú yín ń tó wọn, ọwọ́ yín ò tó wọn | Ẹnì kan ṣoṣo, kò sí ẹgbẹ́ | Ibi tó ti lágbára jù nìyí | Ọwọ́ wọn |
| 4 sí 8 alẹ́ | Bí ẹ ò bá tíì tilẹ̀kùn | Bí ẹ bá bá a dúnàádúrà | Ó ti parí | Ọwọ́ wọn |
| Òru | Ilé yín | Owó ọ̀tọ̀ | Ilé yín | Ọwọ́ wọn, ẹ ò sì sí níbẹ̀ |
| Ọjọ́ tí ibà bá dé | Ẹ ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù | Ó lè dúró tì wọ́n | Wọ́n lè ní kí ẹ má mú wọn wá | Ẹ béèrè dáadáa |

Iwájú ṣọ́ọ̀bù

Ohun tí Yorùbá ti ń ṣe tipẹ́ nìyí, a ò kàn pè é ní ohunkóhun ni. Ẹ rìn gba Ẹrẹ́jà kọjá, ẹ ó rí bàbá tàbí màmá kan lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ wọn, tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí wọ́n ń bá àwọn oníbàárà dá sí iye owó. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Bàbá mi gbádùn rẹ̀ gan-an. Wọ́n á pe oníbàárà mi tó jẹ gbèsè padà láti títì. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì padà wá títí di òní, ṣùgbọ́n ó san owó rẹ̀.

Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń rí wọn, wọ́n ń rí ará àdúgbò, ojú wọn sì là. Ohun tó bà á jẹ́ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́ èyí tí a ń lóṣòó sí, ẹ sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún omi mímu kí wọ́n má baà lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò mumi, nínú oòrùn ọ̀sán! Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ wọn lórí àga, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló gbá wọn mú.

Bí òbí yín bá ń rìn dáadáa, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní àga sì wà nítòsí, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ.

Ẹni tí a gbà sílé

Ọwọ́ éjẹ́ǹtì kan ni mo ti gba ọmọbìnrin àkọ́kọ́. Ó mọ́ra, ó ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbàgbé ìwé ìwọ̀n oníbàárà sílé, mo padà wá ní aago 11. Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìta, bàbá mi wà nínú ilé. Ó ti wọ́n mọ́lé, ó lọ gba iná sí fóònù rẹ̀ lójúlé kẹta. Bàbá mi jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ọ̀pá wọn láàárín ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ó ní òun ń bọ̀." Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Mi ò sọ fún wọn. Nígbà tí mo pe éjẹ́ǹtì, ó ní ọmọ tuntun ṣì wà nílẹ̀, ṣé kí òun mú un wá.

Èkejì, obìnrin opó kan láti ìjọ wa, dára púpọ̀. Oṣù márùn-ún ló lò kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Àkúrẹ́. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà nìyẹn: ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ó bá ń ṣàìsàn, bí ó bá rìnrìn-àjò, ilé dàrú. Kò sì sí ẹni tó ń rí i, àyàfi ẹni tó ń tọ́jú, tó lè má lè sọ.

Àmọ́ fún màmá ọ̀rẹ́ mi ní Ifẹ̀, òun ni mo máa yàn. Àgbà tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú ní ìrọ̀lẹ́ nílò ojú kan tó mọ̀, nínú yàrá tó mọ̀, láti aago 3 títí tí oorun á fi gbé wọn lọ. Kí ẹ gba ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárọ̀. Kí ẹ máa yà sílé láìròtẹ́lẹ̀. Kí aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́.

Ilé-ìtọ́jú ọ̀sán

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, òyìnbó ló ń gbé bàbá rẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́jú. Mo dáhùn pé, "Màmá, òkété ò ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí ní aago 8." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sì gbà.

Òótọ́ ni pé òkè òkun ni orúkọ náà ti wá. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà Lionel Cosin ní Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í gba àgbàlagbà sílé ìwòsàn lọ́sàn-án, kí wọ́n padà sùn sílé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti San Francisco. Àwọn ará Ṣáínà, Ítálì àti Filipino tó ń gbé ní àdúgbò Chinatown níbẹ̀ ò fẹ́ gbé òbí wọn sílé arúgbó. Ìtìjú ni lójú wọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ lójú wa. Nítorí náà ni ilé kan tí wọ́n ń pè ní On Lok fi ṣí ibùdó ọ̀sán fún wọn ní 1973. Wọ́n á jẹun níbẹ̀, dókítà á yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á padà sọ́dọ̀ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Láti ibẹ̀ ni ètò PACE ti bẹ̀rẹ̀, ètò tó ń fi irú ibùdó bẹ́ẹ̀ tọ́jú àgbà, tí owó ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé ró títí di òní. Níbí, àpò ọmọ ló ń gbé e ró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbé òbí jù sílẹ̀ ló bí i. Àwọn tí kò fẹ́ gbé òbí wọn jù sílẹ̀ ló ń lò ó. Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn, wọ́n ní ṣé àwọn ará Ṣáínà ń jẹ iyán ni.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ìfararora: oúnjẹ, orin, ìtàn, eré, eré ìdárayá díẹ̀. Èkejì ní nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, tó ń fún wọn lóògùn, àti ẹni tó ń na ẹsẹ̀ tó ti gan. Ẹ béèrè èwo ni, torí àwọn mìíràn á sọ pé àwọn ní nọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ Tuesday nìkan ló ń wá. Bí ìdí tí ẹ fi ń lọ bá jẹ́ àdánìkanwà, ti àkọ́kọ́ tó, ẹ má sanwó nọ́ọ̀sì lásán. Bí òbí yín bá ń gba abẹ́rẹ́ ṣúgà, ẹ má gba ti àkọ́kọ́ bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, táìlì rẹ̀ ń dán bí dígí. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án jókòó yí tẹlifíṣọ̀n ká, òṣìṣẹ́ kan wà lórí fóònù. Mo jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Táìlì tó ń dán yẹn gan-an, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ wá ro ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé kí òṣìṣẹ́ kan má bójú tó ju ènìyàn 6 lọ. Bí àìlera wọn bá le, ènìyàn 4. Ẹ ka orí nígbà tí ẹ bá lọ. Ẹ ka ti òṣìṣẹ́, ẹ má ka alásè àti mẹ́gáàdì mọ́ ọn.

Ẹ lọ ní aago 11 láìsọ fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ṣé ó ní àga, ṣé irin ìdìmú wà lára ògiri, ṣé omi ń bẹ? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí hàn yín. Bí kò bá sí ìwé, orí ni wọ́n ń fi rántí, ẹ bá tiyín lọ. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí ẹnì kan bá ṣubú àti ọkọ̀ tó máa gbé e. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àgbà. Níbi táìlì yẹn, mo gbọ́ tí ọmọdébìnrin kan pe bàbá arúgbó kan ní orúkọ gan-an, ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì kún un pé kó jókòó. Bàbá náà jókòó. Mi ò lè gbàgbé ojú wọn.

Wọ́n lè fi ìwé CAC hàn yín. Ó dára kó wà, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé orúkọ ilé-iṣẹ́ wà nínú ìwé ìjọba; kò sọ pé wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé àgbà dìde nílẹ̀. Òfin tó dá ibùdó àwọn àgbàlagbà ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ti wà, síbẹ̀ ojú yín ni òfin tó sún mọ́ yín jù.

Ibi kejì kò lẹ́wà. Gbọ̀ngàn kékeré ni, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, àwọn àga ò bára mu. Àgbàlagbà mọ́kànlá, òṣìṣẹ́ méjì àti ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó béèrè àdúgbò tí wọ́n ti wá ní Iléṣà, ó bi wọ́n ní orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ti tajà. Ó tó ìṣẹ́jú ogún tí wọ́n ti ń ròyìn kó tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn. Bàbá mi ò ta. Wọ́n kọ́kọ́ kà á. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ló yẹ kó wà níbẹ̀. 47 ni wọ́n bá. Wọ́n ní àwọn ò ní ta ayò tó jẹ gbèsè. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ fi òkúta kékeré dí i, wọ́n kọ̀. Nígbà tí mo wá mú wọn lọ sílé, wọ́n sọ fún mi ní gbangba, kí ọ̀gá lè gbọ́: "Ẹni tó bá lè sọ ọmọ ayò nù lè sọ èmi náà nù." Mo rò pé ó ti parí. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá náà fi ọmọ ayò kan lé wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ló ti rí i, ó ní òun wá a di alẹ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé mo ti rí ibi tí mò ń wá.

Ilé arúgbó, tàbí Èkó

Díẹ̀ ni mo ní sọ. Ilé arúgbó wà fún ẹni tí gbogbo wákàtí rẹ̀ léwu, tí kò sì sí ẹni tó lè bá a sùn. Kì í ṣe èèwọ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n síbẹ̀, ẹ máa lọ.

Ní ti Èkó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú bàbá lọ fún oṣù kan. Àjà kẹta, géètì méjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti rù nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n sọ pé àwọn ti ṣẹ̀wọ̀n.

Owó

Owó tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ni gbogbo owó. Ọjọ́ iṣẹ́ bí 22 ló wà nínú oṣù. Ẹ ó mú wọn lọ, ẹ ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó lọ mú wọn, ẹ ó mú wọn délé: ìrìn mẹ́rin lóòjọ́, 88 lóṣù. Mo ṣe ìṣirò kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Mo bá onímárúwá kan ní àdúgbò wa ṣe é lóṣooṣù, ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ di bàbá mi mú lápá. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo sì mú, kì í ṣe márùn-ún; ibi tó bá ní dandan ni kí ẹ san gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ bá wọn rojọ́ dáadáa. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló ń san ti ilé-ìtọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ń san ti ọkọ̀, èmi ni mo ni ìwẹ̀ àárọ̀ àti oògùn. A kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé iye tó jẹ.

Monday, Wednesday àti Thursday ni ti ilé-ìtọ́jú. Tuesday, wọ́n wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní wákàtí méjì péré, kí oòrùn tó mú. Friday jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹni òkété, tó ń gún iyán fún wọn, tó sì ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti kọ́ A B D. Ní aago 8 ààbọ̀ àárọ̀ Monday, bàbá mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá wọn, wọ́n á máa kùn pé onímárúwá ti pẹ́, pé jẹ́lé-ó-sinmi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àwọn.